Ọtí Tí Ìyá Mi Kò Mu

Ohun tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi kò pọ̀. Bàbá Àgbà ló kọ́ mi ní kéwú, ìyá mi ló kọ́ mi ní aṣọ rírán, tíṣà ló kọ́ mi ní ìṣirò. Dádì ló kọ́ mi bí a ṣe ń di gíláàsì wáìnì mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ká dì mú, kì í ṣe ikùn rẹ̀, kí ooru àtẹ́lẹwọ́ má baà ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ọmọ tèmi náà ti ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ báyìí, síbẹ̀ bí mo bá rántí ọdún yẹn, ṣe ló máa ń dà bí ẹni pé ẹnì kan da ata sí mi lójú. Inú ń bí mi. Mo sọ ọ́ tààrà níbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ẹbí mi kan wà tí wọ́n máa ń ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé Ọlọ́run ló ni ìdájọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run ló ni ín. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ojú tó rí i.

Ẹ̀yìn Ọjà-Ọba ni agbo ilé wa wà, nínú ọ̀nà tóóró kan tí ọkọ̀ kì í lè kọjá bí ẹlẹ́rù bá gbé ẹrù kalẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, àwọn ọmọ kéwú á jókòó yí Bàbá Àgbà ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wàláà lórí itan, ohùn wọn á máa lọ sókè sódò bí ohùn oyin tó fẹ́ ṣí. Ẹ̀rọ ìlọta á bẹ̀rẹ̀ sí í han lápá ọjà. Obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pe ìyá mi ní orúkọ, nítorí ìyá mi ni oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù. Nígbà yẹn ìyá mi á ti po kókó, á ti máa dín àkàrà, àwọn ọmọ agbo ilé á sì ti tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú abọ́, ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ ẹlòmíì. Kò sí ọmọ kan nínú agbo ilé wa tí kò jẹ àkàrà ìyá mi. Àwọn ọmọ yẹn ti di Alhaji, wọ́n ti di Alájà. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í kí i mọ́.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni ìyá mi. Dọ́káàsì ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, nítorí onígbàgbọ́ ni wọ́n. Nígbà tí Dádì fẹ́ ẹ, ó gba ẹ̀sìn, wọ́n sọ ọ́ ní Àdíjá, ó sì gbà á tọkàntọkàn. Kí n tó mọ Fátíà ká, ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Dádì obìnrin wà nínú agbo ilé, Alájà Sífáwù, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti kú tó sì padà wá ń ṣe olórí àwọn obìnrin ilé. Alájà Sífáwù kò gbàgbé Dọ́káàsì rí. Bí ìyá mi bá pẹ́ díẹ̀ kó tó bọ́ sórí ẹní ìrun, Alájà á sọ ọ́ sáfẹ́fẹ́ pé, "Aṣọ tí a pa láró, funfun rẹ̀ kò jìnnà." Ìyá mi á ní, "Ẹ kú ìṣọ́ wa, Alájà," á sì kírun rẹ̀.

Lọ́yà ni Dádì. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Táíwò Road, ó sì ti kàwé ní ìlú òyìnbó kó tó padà wá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sẹ́yìn ilé Bàbá Àgbà. Bí ìjà ilẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹbí, òun ni wọ́n ń pè. Ní ọjọ́ Jímọ̀, sàfú kejì, ìlà kejì lẹ́yìn lèmọ́mù, ni àyè rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í jókòó síbẹ̀ bó bá pẹ́. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní pálọ̀ kékeré kan tí òun nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan wà níbẹ̀. Lápá òsì, wáìnì pupa dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí Dádì ní wọn kì í gbé e dúró. Lápá ọ̀tún, jíìnì, wísíkì, àti agolo onírin kan tó ní ìdérí, èyí tó ń pè ní ṣékà.

Lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́yìn ìrun Aìlà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta á dé, àwọn ọ̀mọ̀wé bíi tirẹ̀. Wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, níbi tí àtẹ̀gùn kejì wà. Èmi ni mo máa ń ran Dádì lọ́wọ́. Mo máa ń gé ọsàn wẹ́wẹ́ ní róbótó róbótó, mo máa ń fi ọmọ odó fọ́ yìnyín nínú aṣọ mímọ́. Ó ní ewé tí àwọn òyìnbó ń fi sínú ohun mímu tí wọ́n ń pè ní mòjító kò sí lọ́jà wa, efinrin ni ká fi rọ́pò rẹ̀, nítorí náà mo máa ń já efinrin ní ẹ̀yìn ilé Alájà Sífáwù. Alájà á ní, "Ṣé inú ló tún ń run ẹ ni, Àwáwù?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Dádì á da jíìnì sínú ṣékà, á fi omi ọsàn sí i, á gbé e lé èjìká, á máa mì í bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gbogbo wa á sì máa rẹ́rìn-ín. Wáìnì funfun ní láti tutù láti òwúrọ̀. Pupa, wọ́n á ti ṣí i sílẹ̀ ṣáájú kó lè mí. Bí ó bá bu díẹ̀ sí gíláàsì, á yí i, á ti imú bọ̀ ọ́, á dijú. Lẹ́yìn náà á gbé e sábẹ́ imú mi, kò sì jẹ́ kí n tọ́ ọ wò rí. Á ní, "Kí lo gbọ́ níbẹ̀?"

Ní ọjọ́ kan mo ní, "Ó ń rùn bí agbálùmọ̀ tó ti pọ́n jù." Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Lọ́yà, ọmọ yìí ti mọ̀ jù ẹ́ lọ." Orí mi wú. N kò tíì rí ojú Dádì tó tàn bẹ́ẹ̀ sí mi rí.

Ìyá mi á dín wàrà pẹ̀lú ata díẹ̀, á ní kí n gbé e lọ sókè, nítorí Dádì sọ pé ní ìlú òyìnbó, wàrà ni wọ́n fi ń jẹ wáìnì. Á fọ gbogbo gíláàsì nígbà tí wọ́n bá lọ tán. Kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀, kì í tilẹ̀ mu ohunkóhun tó bá ti kan. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tó ń sọ fún Dádì pé, "Bàbá Àwáwù, ọjọ́ ń bọ̀ tí àṣírí yìí á tú o." Dádì dáhùn pé, "Inú ilé mi ni mo wà. Ta ni mo ṣẹ̀? A kì í yó, a kì í jà. À ń tọ́ ọ wò ni, ìgbádùn ọ̀mọ̀wé ni." Èmi kì í sì í ṣe ẹni tó máa dá a lẹ́jọ́ lórí ìyẹn. Mo ti wá mọ àwọn ènìyàn rere tí wọ́n ń mu wáìnì nílé wọn báyìí, mo sì mọ àwọn tí kò mu ún rí tí wọn kò ṣeé bá gbé. Kì í ṣe ọtí ni mò ń bínú sí. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín dáadáa.

Ìgò tó ṣófo ni wàhálà. Wọn kò ṣeé sọ sí ààtàn agbo ilé. Ìyá mi ni Dádì fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Yóò fi àkísà di ìgò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa ró gbọ̀ngbọ̀n, yóò kó wọn sínú báàgì ńlá bí ẹni tó ń lọ fún oníbàárà ní aṣọ, yóò sì gbé wọn lọ sí ààtàn tó jìnnà. Ní ọjọ́ kan nínú òjò àkọ́rọ̀, èmi àti ìyá mi jọ jáde. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni, àwọn ènìyàn ń jáde ní mọ́sáláṣí, omi sì kún ojú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ìyá mi yọ̀. Báàgì já. Mo rí i tí ìgò ń yí jáde nínú àkísà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, tí wọ́n ń ta gíńgín lórí òkúta. Ọ̀kan yí títí ó fi dúró lẹ́sẹ̀ Alájà Sífáwù tó ń bọ̀ láti ibi ìrun.

Alájà bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀. "Haràámù!" Ohùn rẹ̀ dé ọjà. "Ẹ wá wò ó o! Ọtí! Ọmọ onígbàgbọ́ ti gbé ọtí wọ ilé Àáfà!"

Ìyá mi wà nínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó ìgò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń bá a kó o. Kò sí ẹlòmíì tó bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àgbà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ kéwú lọ sílé. Àwọn àgbà ilé jókòó, Alájà Sífáwù jókòó, Dádì jókòó lórí àga pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ ní àárín. Mo dúró lẹ́yìn òpó. Wọ́n to àwọn ìgò sórí ẹní. Mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lè sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti ohun tí Dádì sọ pé ó ń rùn bí i.

Bàbá Àgbà kò bi ìyá mi ní nǹkan kan. Dádì ló kọjú sí. Ó ní, "Tìjání, ilé rẹ ni wọ́n ti gbé e jáde. Kí lo mọ̀ nípa rẹ̀?"

Ìyá mi gbé ojú sókè, ó wo Dádì. Kò wò ó bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ rẹ̀ kó wá gba ẹrù lórí òun.

Dádì tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Bàbá, èmi ò mọ̀ sí i. Táíwò Road ni mo máa ń wà látàárọ̀."

N kò mọ ìgbà tí mo jáde lẹ́yìn òpó. Mo ní, "Irọ́ ni! Dádì ló ń mu ún! Èmi ni mò ń gé ọsàn fún wọn!"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé òtítọ́ ti dé, gbogbo wa á dìde. Dádì kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ohùn pẹ̀lẹ́ tó máa ń lò ní kóòtù ló lò, ó ní, "Ẹ má dá ọmọdé lẹ́bi. Ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé kó wí ló ń wí."

Bàbá Àgbà wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo Dádì, ó sì wo ilẹ̀. Ó mọ̀. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, àgbàlagbà yẹn mọ̀. Ó ní, "Àdíjá, máa lọ sílé àwọn ènìyàn rẹ ná, kí ara rọ gbogbo wa."

Mo ti yí ọjọ́ yẹn wò lọ́tùn-ún lósì. Ká ní Dádì sọ pé, "Èmi ni," kí ni wọn ì bá fi ṣe é? Wọn ì bá ṣe wáásí fún un. Wọn ì bá ní kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bó bá fi máa di Jímọ̀ kejì, á ti padà sí sàfú rẹ̀. Gbogbo ohun tí òtítọ́ máa ná an kò ju ìtìjú ọjọ́ díẹ̀ lọ, ó sì kọ̀ láti san án. Ìyá mi ló fi gbogbo ayé rẹ̀ san án fún un. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ara mi rọ̀.

Ìyá mi kó aṣọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ní ọmọ kì í bá ìyá lọ, ilé bàbá ni ọmọ ń gbé. Ó ní, "Àwáwù, má bá wọn jà. Máa jẹun." Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Láti ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó dín àkàrà nínú agbo ilé wa. Àwọn ọmọ gbé abọ́ wá síbi ààrò, wọ́n dúró, wọ́n sì gbé abọ́ wọn padà.

Dádì sinmi ọtí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ní Sátidé kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó yọjú lójú wíńdò, ó ní kí n gbé wáìnì funfun wá nínú fíríìjì ìsàlẹ̀, kí n sì mú yìnyín àti gíláàsì dání. Inú bébà ni wọ́n máa ń wé ìgò náà sí. Mo tú bébà náà kúrò. Mo gbé ìgò sí àárín tíréè, mo to gíláàsì mẹ́rin yí i ká, mo gbé e lé orí ọwọ́ méjèèjì. N kò gba ẹ̀yìnkùlé. Mo gba iwájú, láàárín àgbàlá, láàárín àwọn ọmọ kéwú tí wọ́n tún máa ń kàwé lọ́sàn-án Sátidé, mo sì rọra ń rìn. Yìnyín ń ró nínú abọ́. Ohùn àwọn ọmọ kéwú ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń kọjá wọn.

"Àwáwù!" Alájà Sífáwù ti dìde. "Kí lo gbé yẹn?"

Mo ní, "Ọtí Dádì ni, Alájà. Wọ́n ń dúró dè é lókè."

Ó tẹ̀lé mi gun àtẹ̀gùn. Mo fi ẹsẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Dádì dúró níbẹ̀, ṣékà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì gbé ife dúró lẹ́nu. Mo yí padà wo Alájà. Mò ń dúró de ariwo tó dé ọjà lọ́jọ́ yẹn. Mò ń dúró de "Haràámù."

Alájà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Ó ní, "Tìjání, ṣé o fẹ́ dójú ti bàbá wa ni?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó sọ̀kalẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún gbogbo àgbàlá pé, "Jùúsì ni. Ẹ máa ka wàláà yín."

Dádì gbé ṣékà kalẹ̀. Ó ní, "O fẹ́ tú àṣírí mi, àbí?"

Mo ní, "Mọ́mì ló ń bo àṣírí yín, Dádì. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lé wọn lọ." Ó gbá mi létí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ìgbà ìkẹyìn sì ni, nítorí kò pẹ́ tí mo fi kúrò nílé rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Alájà Sífáwù àti àgbà ilé kan mú mi lọ sí Ọ̀mù-Àrán láti lọ mú ìyá mi padà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ni. A bá a níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń ran aṣọ. Mo sáré dì mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan etí mi, ó bi mí bóyá mò ń jẹun. Alájà jókòó. Ó ní, "Àdíjá, ó ti tán. Máa bọ̀ nílé ọkọ rẹ."

"Kí ló tán, Alájà?"

"Gbogbo rẹ̀. A ti mọ bó ṣe jẹ́."

"Ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún àwọn tó rí mi nínú ẹrẹ̀?"

Alájà mí kanlẹ̀. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìyá mi gé òwú tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ilé bàbá yín ni, Alájà. Èmi ni ẹ fi ọwọ́ òsì júwe. Ẹ̀rọ mi tó kù lọ́hùn-ún, ẹ bá mi fi ránṣẹ́. Àwáwù kò bá yín padà." Àgbà tó bá wa wá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde lórí àga rẹ̀, àgbà náà sì dákẹ́.

Nígbà tí ọdún yẹn ń lọ sópin, ìyá mi padà wá gba yàrá kan ní Tanke, lápá kejì ìlú wa, ó ń rán aṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Kò padà sí Dọ́káàsì. Ó ń kírun márààrún títí di òní, ó ní kì í ṣe Ọlọ́run ló parọ́ mọ́ òun. Dádì wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀sán ni, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó dúró títí oníbàárà fi lọ, ó wá ní, "Àdíjá, mo ṣẹ̀ ẹ́. Dárí jì mí."

Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Níbo lẹ ti sọ pé ẹ ò mọ̀ sí i?"

"Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá."

"Ibẹ̀ ni kí ẹ ti tọrọ àforíjì. Kí àwọn tó gbọ́ tàkọ́kọ́ gbọ́ tèkejì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pè wọ́n jọ, èmi á wá."

Ó wo ilẹ̀ bí Bàbá Àgbà ṣe wo ilẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, wọ́n ti gbàgbé." Ìyá mi ní, "Èmi ò gbàgbé," ó sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ padà. Mo wò ó títí ó fi wọ ọkọ̀ rẹ̀. N kò kí i pé ó dàbọ̀.

Lọ́dún Iléyá tó kọjá, mo bi ìyá mi bóyá ó ṣì ń dúró. Ó ṣí àpótí, ó mú bùbá àti ìró kan jáde, aláwọ̀ ewé, tí n kò rí i kó wọ̀ rí. Ó ní òun rán an lọ́sẹ̀ tí Dádì wá sí ṣọ́ọ̀bù, pé òun ni òun máa wọ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gba bùbá náà wọlé, nítorí ara rẹ̀ ń rù. Ó ká a padà, ó tì í mọ́nú àpótí. Nínú àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹni méjì péré ló kù láyé. Alájà Sífáwù kò ríran mọ́. Ẹnì kejì ni Dádì.